Kòkòrò tó ń gbé ìdí sókè lórí okùn aṣọ yín, ìbátan kúlúsọ ni, kì í ṣe ẹyẹ àjẹ́

Ìyá ọlọ́mọ kan kọ̀wé sí mi láti Ogbómọ̀ṣọ́, ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò kan ló ń dà mí láàmú. Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti máa ń wá bà lórí okùn tí mo ń sá aṣọ sí lẹ́yìn ilé wa ní apá Under G. Ó jọ lámilámi, àmọ́ ó ní ìwo gígùn méjì lórí, tó bá sì ti bà báyìí ṣe ló máa gbé ìdí sókè, á wá dà bí igi gbígbẹ. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú ẹ ó rí i tó ń fò yí gílóòbù ká. Ọmọ mi ọkùnrin fi fóònù yà á, fóònù ní owlfly ni. Ìyá ọkọ mi ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, ọmọ ní eṣinṣin òwìwí, bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, pé ọmọ oṣù mẹ́ta tó wà nílé ló wá wò. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ lù ú lọ́jọ́ kan, òórùn burúkú kan sì jáde lára ẹ̀. Wọ́n ní ká da kẹrosíìn sí i, ká sì gé ẹ̀ka mángòrò tá a ti rí ẹyin ẹ̀. Ṣé ó ń ta èèyàn ni? Ṣé ó máa ba mángòrò wa jẹ́? Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, màmá. Ọlọ́run á dá ọmọ tuntun náà sí. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fara balẹ̀ wo àwọn fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, èyí tọ́mọ yín yà lórí okùn aṣọ yẹn mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ bá mi kí i pé ó káre. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kúrò nílẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́ta kì í jẹ́ kí ìyá sùn dáadáa kó tó wá di pé kòkòrò tún dá kún un. Kòkòrò yẹn ò ní oró nídìí bíi ti agbọ́n, kì í ta èèyàn, kì í mu ẹ̀jẹ̀ bíi ẹ̀fọn, kì í jẹ aṣọ, kì í jẹ ewé, kì í jẹ èso. Téèyàn bá fọwọ́ há a mọ́ ó lè fẹnu gé onítọ̀hún bí tata ṣe máa ń ṣe, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọmọ jòjòló. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò yí iná yín ká ló ń wá.

Ká wá tú ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti lọ́. Fóònù ò sọ pé òwìwí ni, òyìnbó ló fún un lórúkọ tó ní owl nínú, òwìwí tàwọn òyìnbó sì ni, kì í ṣe tiwa. Ní 1775 ni ọ̀gbẹ́ni Fabricius, ọmọ ilẹ̀ Denmark, sọ irú ẹ̀ kan ní Ascalaphus. Ascalaphus yìí, nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, ọkùnrin kan tó lọ ṣòfófó ọ̀rọ̀ èso tí ẹnì kan jẹ ni, òrìṣà wọn wá bínú, ó sọ ọ́ di òwìwí. Ojú ńláńlá tí kòkòrò náà ní, àti bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń jáde nígbà tílẹ̀ ń ṣú, bá orúkọ náà mu, ló fi lẹ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí orúkọ yẹn wá gba inú fóònù dé Ogbómọ̀ṣọ́, tọ́mọ túmọ̀ ẹ̀ ní òwìwí, ó bọ́ sínú ìtàn míì pátápátá, torí lọ́dọ̀ tiwa òwìwí kì í ṣe ẹyẹ lásán, bó bá ké lórí ilé lóru àwọn àgbà á dìde jókòó. Mi ò bá ìyá wí o. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ojúṣe wọn ni wọ́n ń ṣe, ẹni tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ bá sì wà níbẹ̀ mi ò wá bá a jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí tí wọ́n dì mú, ìyẹn orúkọ yẹn, ti ìtàn àlọ́ àwọn Gíríìkì wá, kò ti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá ńlá wa wá. Mi ò tíì gbọ́ pé àwọn àgbà tiwa yà á sọ́tọ̀ fún ibi kankan, lámilámi ni wọ́n máa ń pe òun náà tí wọ́n bá rí i, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Ti òórùn ńkọ́? Ká sòótọ́, òórùn yẹn gan-an ló tún jẹ́ kó dá mi lójú pé fóònù ò parọ́. Àwọn kan nínú ẹbí yìí máa ń tú òórùn tó wúwo jáde lára tí wọ́n bá há wọn mọ́ tàbí tí wọ́n lù wọ́n, kí ẹyẹ tó gbé wọn sẹ́nu lè tu wọ́n dànù. Ohun tí asín fi ń gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ológbò náà nìyẹn, ológbò á pa á tán kò ní lè jẹ ẹ́. Tata aláwọ̀ yẹ́lò tó máa ń bo ẹ̀gẹ́ lóko náà ń rùn téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Kòkòrò tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ lù yẹn, ẹ̀rù ikú ló bà á, ohun tó ní lára ló lò.

Lórí lámilámi àbí kì í ṣe lámilámi, ẹ má jẹ́ kójú tì yín pé ẹ ṣì í mọ̀, torí èmi náà ṣì í mọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kòkòrò yìí, a máa ń ta aṣọ funfun lóko ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé, a ó tan iná sí i lálẹ́ a ó wá máa mú ohun tó bá bà lé e, mo mú ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo fi sínú àpótí lámilámi, mo kọ orúkọ sí i, ọkàn mi balẹ̀. Ó pé oṣù díẹ̀ kí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ tó ṣí àpótí yẹn. Wọn ò pariwo, wọ́n kàn fún mi ní lẹ́ǹsì, wọ́n ní níbo lo ti rí lámilámi tó ní ìwo labalábá rí? Mo wò ó, ìwo méjì tó gùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyẹ́ ẹ̀, orí ìwo kọ̀ọ̀kan sì rí róbótó bí orí ìṣáná. Látọjọ́ yẹn mi ò wo kòkòrò kan mọ́ láì kọ́kọ́ wo ìwo ẹ̀. Lámilámi ò ní irú ẹ̀, èyí tó ní ò ju irun ìpéǹpéjú lọ, ẹ lè má rí i rárá. Tí lámilámi bá sì bà, ṣe ló máa na ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ẹ̀rọ òfuurufú, kò ní rọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó wá gbé ìdí sókè. Ti òun tó wà lórí okùn yín, ṣe ló ń fara wé igi: á lẹ orí, ẹsẹ̀ àti ìwo mọ́ ara okùn tàbí ẹ̀ka, á na ìdí síta bí ẹ̀ka tó ṣẹ́, ẹyẹ á fò kọjá láì rí i. Ọ̀sán ló fi ń sinmi báyẹn, kì í ṣe pé ó ń ṣọ́ yín. Ẹ tún gbọ́ eléyìí, Scopoli tó jẹ́ dókítà nílùú Idrija, tó wà ní Slovenia lónìí, òun náà kọ ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ ní 1763, ìwo yẹn ló tàn án jẹ, ó kà á mọ́ labalábá. Èmi pè é ní lámilámi, Scopoli pè é ní labalábá, ọmọ yín pè é ní eṣinṣin òwìwí.

Kí wá ni? Ìbátan kúlúsọ ni. Ẹ mọ kúlúsọ dáadáa, ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú wa, kòkòrò abẹ́ òrùlé tó máa ń gbẹ́ kòtò róbótó sínú yẹ̀pẹ̀ tó kúnná, níbi tójò ò lè dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tá a máa ń fi koríko tọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ká ju èèrà sí i ká wá máa wò bó ṣe ń ta yẹ̀pẹ̀ sí i títí èèrà á fi yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa dàgbà láì mọ̀ ni pé ọmọdé ni kúlúsọ yẹn, kò tíì dàgbà, bí eku ẹdá kọ́ ló ṣe máa wà nínú ilẹ̀ títí ayé, bó bá yó tán tó tó àkókò, á ran ara ẹ̀ mọ́ inú ìdì òwú róbótó kan nínú yẹ̀pẹ̀, nígbà tó bá jáde ó ti hùyẹ́ mẹ́rin, ó ti gùn, á fò lọ. Òwú yẹn náà ní ìtàn tiẹ̀. Òwú sányán tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, ẹnu ni kòkòrò ẹ̀ ti ń pọ̀ ọ́, àmọ́ kúlúsọ àti àwọn ẹbí ẹ̀, ìdí ni wọ́n ti ń tú tiwọn. Ìyẹn ò sì ní kó yani lẹ́nu púpọ̀ téèyàn bá mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́mọdé wọn kì í yàgbẹ́. Inú wọn ò já síta, ìdọ̀tí oúnjẹ á máa ṣù jọ síbẹ̀, ọjọ́ tó bá hùyẹ́ tán ló tó máa yà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ owlfly, ojú kan náà pẹ̀lú kúlúsọ ni, ikùn tó tóbi, orí pẹlẹbẹ, eyín méjì tó tẹ̀ bíi dòjé níwájú. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé òun kì í gbẹ́ kòtò. Ọdẹ tó ń ba ni, kì í ṣe ọdẹ onípàkúté. Á lọ dùbúlẹ̀ sáàárín ewé gbígbẹ nílẹ̀ tàbí sára èèpo igi, á kó yẹ̀pẹ̀ àti pàǹtírí lé ara ẹ̀ lẹ́yìn títí ẹ ò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, á wá la eyín dòjé méjèèjì sílẹ̀ gbalaja, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, á sì máa dúró. Ó lè dúró lọ́jọ́ púpọ̀ láìjẹun. Èèrà tàbí kòkòrò míì tó bá fara kàn án báyìí, pàà! eyín ti pa dé. Kì í jẹ ẹran, ihò ló wà lára eyín yẹn, omi ara ẹ̀ ló máa fi yọ́ inú ẹran náà, á wá fà á mu, á ju èèpo dànù. Mo ti tọ́ méjì rí nínú àwo oníke lórí tábìlì mi, mo ń fún wọn ní ikán, mo sì lè sọ fún yín pé sùúrù tí mo rí lára wọn, mi ò rí i lára ẹran abẹ̀mí kankan rí. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti tọ́pasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn, ní 2019 wọ́n sọ pé owlfly kì í ṣe ìbátan kúlúsọ lókèèrè, pé inú ilé kúlúsọ gan-an ni wọ́n ti yà jáde, tó fi jẹ́ pé àwọn kan ti kó orúkọ wọn wọnú ẹbí kan náà. Nítorí náà màmá, ẹ lè sọ fún ìyá pé kúlúsọ tó yọ́ kẹ́lẹ́, tí kò gbẹ́ kòtò, tó wá hùyẹ́ ló wà lórí okùn yẹn. Mo lérò pé àwọn náà fi koríko tọ́ kúlúsọ rí.

Èyí tó tún kàn ni ipò tó wà láàárín àwọn ọdẹ inú afẹ́fẹ́, torí ẹ ní ó máa ń fò yí gílóòbù ká. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ilé yín, bí ọjà ni, àwọn tó ń ná an láàárọ̀ yàtọ̀ sáwọn tó ń ná an lálẹ́. Tóòrùn bá ti mú, lámilámi ló ni ín. Ẹ lọ sí Dáàmù Ọbà lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wò wọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa ń kó jọ bí agbọ̀n lábẹ́ àyà, wọ́n á fi kó kòkòrò nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Nínú ìdánwò tí wọ́n ti ka ìgbà tí lámilámi lé ẹran, nínú 100 ó ń mú tó 95, kìnnìún ò súnmọ́ ọn rárá. Iṣẹ́ yẹn sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìbátan wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Meganeura tí ìyẹ́ ẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ju rúlà méjì táwọn ọmọ iléèwé ń lò lọ. Lọ́sàn-án yẹn náà ni ẹ ó rí agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sára ògiri, tó ń gbé aláǹtakùn lọ fọ́mọ ẹ̀, àti irú eṣinṣin kan tí òyìnbó ń pè ní robber fly, onírun lẹ́nu, tó máa ń jókòó sórí igi gbígbẹ kó tó já lu ohun tó bá kọjá, ẹnu ẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ló rí, oró ẹ̀ ló fi ń pa ẹran. Lókè wọn pátápátá, alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Nígbà tílẹ̀ bá wá ń ṣú, lámilámi á lọ sùn, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ á wọlé, àdán ò sì tíì jáde tán, àárín ìgbà kékeré yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn owlfly máa ń dìde. Wọ́n á gòkè, wọ́n á máa yára yí po, wọ́n á máa gbá àwọn kòkòrò tó ń fò mú. Wọn kì í fò bí òbí kúlúsọ tó ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti rẹ̀, wọ́n lágbára gan-an. Lókè òkun àwọn kan wà tó jẹ́ ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe tiwọn, aláwọ̀ yẹ́lò àti dúdú, àmọ́ èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín aláṣàálẹ́ ni.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i dáadáa pé jíjọ tó jọ lámilámi yẹn, iṣẹ́ ló fà á, kì í ṣe ìdílé. Lámilámi, inú omi ló ti ń dàgbà, orúkọ ẹ̀ gan-an ń dún bí ẹni tó ń lá omi, ọmọ ẹ̀ á máa pẹran nínú omi, á máa bọ́ awọ títí á fi gun koríko jáde tá á di lámilámi, kò sí àkókò tó ń ran ara ẹ̀ mọ́nú òwú. Owlfly ò mọ omi rí, ilẹ̀ àti igi ni tiẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wọ òwú kó tó hùyẹ́. Bí àdán àti ẹyẹ ni, àwọn méjèèjì ń fò, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹni tó bá ń lépa ẹran nínú afẹ́fẹ́ nílò ara gígùn tó fúyẹ́, ìyẹ́ mẹ́rin tó le, ojú tó tóbi, ẹni méjì tí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá síbi iṣẹ́ kan náà á wá jọra.

Ojú yẹn ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Nínú fọ́tò tọ́mọ yín yà láti iwájú, tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ ó rí ilà kan tó dábùú ojú kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà téèyàn fi okùn di ẹ̀wà láàárín. Ìpín méjì ni ojú yẹn. Apá òkè ló ń wo sánmà, lára ìbátan wọn kan ní Yúróòpù àwọn onímọ̀ ti rí i tipẹ́ pé apá òkè yẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú sánmà tí ojú èmi àti ẹ̀yin ò lè rí láé. Ẹ wá fojú inú wò ó, sánmà á mọ́ kedere lójú ẹ̀, kòkòrò kékeré tó bá kọjá á hàn bí àmì dúdú lára ògiri funfun. Nítorí náà ó máa ń ti ìsàlẹ̀ wo òkè lépa ẹran ni. Ojú tó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ báyẹn ò ní ṣàì dojú rú níwájú gílóòbù yín, àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà nìkan kọ́ ni iná ń dà láàmú. Àti pé ibi tí èsúnsún àti àwọn kòkòrò tíńtìntín bá pọ̀ sí lẹ́yìn òjò, ibẹ̀ lọdẹ ń lọ.

Ẹnì kan lè wá gbọ́ gbogbo èyí kó ní àṣé ó ń bá wa jẹ ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ ká máa sìn ín. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín torí kì í ṣòótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá fò kọjá tí ẹnu ẹ̀ ká ló ń jẹ, ẹ̀fọn lè wà níbẹ̀, àfòpiná kékeré lè wà níbẹ̀, kì í ṣẹ̀ṣà. Ẹ̀fọn tó ń jẹ ọmọ yín lóru nínú yàrá, kò débẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì lọmọ máa sùn sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì da omi tó dúró sínú táyà àti garawa nù. Kòkòrò tó ń bá ọ̀tá kan ṣoṣo jà lọ̀tọ̀, a sì ti rí irú ẹ̀ nítòsí wa. Ní 1981 IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, tú irú agbọ́n tíńtín kan sílẹ̀ tí wọ́n mú wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, kòkòrò onílẹ́búlẹ́bú funfun tó ń pa ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń yé sí lára, ó sì bá a dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995 nítorí ẹ̀. Owlfly ò rí bẹ́ẹ̀, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì yan ọ̀tá kan. Èrè tó wà lára ẹ̀ ni pé ó wà lára àwọn tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan pọ̀ jù nínú àgbàlá yín.

Ọ̀rọ̀ mángòrò ni mo mọ̀ pé ó ká ìyá lára, Ogbómọ̀ṣọ́ ni ẹ wà, ẹni tó bá fọwọ́ kan mángòrò Ogbómọ̀ṣọ́ fọwọ́ kan ojú ọmọ Ajílété. Ẹyin tó tò ní ìlà méjì lórí ẹ̀ka gbígbẹ yẹn, bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, jọ ti owlfly. Tó bá jẹ́ tiẹ̀, ẹ̀ka ni wọ́n kàn yé e sí, wọn ò gún igi, wọn ò mu omi igi. Táwọn ọmọ bá pa, wọ́n lè ṣù jọ sójú kan fúngbà díẹ̀, gbogbo wọn á kọ orí síta, á la eyín sílẹ̀ kí èèrà má lè dé ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á tú ká, oníkálukú á wá ibi tó máa ba sí. Ní apá Amẹ́ríkà, àwọn ìyá kan tiẹ̀ máa ń to ẹyin tí kò lè di ọmọ yí ẹ̀ka ká nísàlẹ̀ bí ọgbà, kí èèrà má gòkè. Àmọ́ fọ́tò nìkan ni mo rí o, ẹyin kòkòrò sì jọra gan-an, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú ẹ ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Tó bá jẹ́ kòkòrò gígùn oníràkòrò ló jáde tó sì kọjú sí ewé tó ń jẹ ẹ́, kì í ṣe owlfly nìyẹn, ẹ gé ẹ̀ka náà, ẹ jó o. Tó bá jẹ́ àwọn pẹlẹbẹ elẹ́yín dòjé ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó ń ba mángòrò yín jẹ́ gan-an, ẹ mọ̀ wọ́n: eṣinṣin tó ń gún èso tó fi ń dìdin nínú, àti nǹkan funfun bí òwú lábẹ́ ewé tó ń mú kí ewé dúdú bí èédú. Mángòrò tó bá já sílẹ̀ tó dìdin, ẹ má fi sílẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ kó o sínú nylon dúdú kẹ́ ẹ dì í lẹ́nu kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn tàbí kẹ́ ẹ ri ín mọ́lẹ̀ jìnnà. Ìyẹn á ṣe mángòrò yín lóore ju pípa kòkòrò orí okùn lọ.

Irú owlfly wo wá ni pàtó? Fọ́tò ò lè gbé wa débẹ̀. Wọ́n lé ní 400 irú láyé, káwọn onímọ̀ tó lè sọ èyí tó jẹ́ wọ́n ní láti gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù kí wọ́n wo iṣan ìyẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tó pín sí méjì yẹn kàn jẹ́ ká mọ apá ibi tó wà nínú ẹbí ni.

Lórí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, kẹrosíìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á. Èéfín ẹ̀ àti iná tó lè sọ nínú àgbàlá tí wọ́n ti ń sá ìlédìí ọmọ léwu fún yín ju kòkòrò yẹn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ oṣù mẹ́ta ò tíì gbó. Tí fífò tó ń fò yí iná ká bá ń dẹ́rù bà yín, ọ̀rọ̀ iná ni kẹ́ ẹ yí. Gílóòbù funfun tó fẹ́ ṣe búlúù yẹn ló ń pe gbogbo kòkòrò àdúgbò, ẹ ra aláwọ̀ yẹ́lò tó rọlẹ̀ sí ìta, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa á nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé. Kò ní lé gbogbo wọn, àmọ́ wọ́n á dín kù. Èyí tó bá ṣèèṣì wọ yàrá, ẹ fi kọ́ọ̀bù bò ó mọ́ ògiri, ẹ ti páálí pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé e síta. Kẹ́ ẹ tó ká aṣọ ọmọ lórí okùn nírọ̀lẹ́, ẹ gbọn okùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, á fò lọ fúnra ẹ̀.

Tí ìyá bá wá ṣì ní àfi kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka yẹn, ẹ má bá wọn fà á, àlàáfíà ilé ọlọ́mọ tuntun ṣe pàtàkì. Ẹ kàn gé e kó gùn díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí ẹyin wà, kí ọmọ yín ọkùnrin lọ so ó mọ́ igi míì lẹ́yìn fẹ́ǹsì níbi tí ewé gbígbẹ pọ̀ sí nílẹ̀, kó sì fi gírísì pa ibi tó so ó mọ́ kí èèrà má lè kọjá. Kó máa lọ wò ó láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Tí wọ́n bá ti pa, kó yà wọ́n fún mi láti ẹ̀gbẹ́, ìgbà tóòrùn ò tíì le, kí eyín dòjé yẹn lè hàn dáadáa.